Wáyà Inú Bọ́ọ̀sì tí ó Gbé Ìyá Wa Relé

  Ó ti tó ìdílé mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí wa láti béèrè bí a ṣe fa iná sínú bọ́ọ̀sì wa, tí fíríìjì kékeré fi ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti Maiduguri títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ láìkú. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ tilẹ̀ wá sílé wa, wọ́n ní kí a fi wáyà náà han àwọn. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní, "Ṣé gbogbo ariwo yìí kò ju èyí náà lọ?" Kò jù ú lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ èyí tí ó yẹ kí a rà, ojú wa rí nǹkan, owó wa sì ti kọ́kọ́ ṣòfò. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó dára kí a kọ ọ́ sínú ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tí ó bá ní arúgbó láti gbé relé lè mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹwáyà.

Ìyá wa ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ wọ́n nídìí aṣọ tí wọ́n ń tà. Ọdún 1964 ni ojú irin dé Maiduguri. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni bàbá wa ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n sì mú ìyàwó wá bá wọn, tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin. Màmá a máa sọ fún wa pé kí ọkọ̀ náà tó dé Kafanchan, àwọn ti jẹ gbogbo èkuru tí wọ́n dì fún àwọn tán, kí ó sì tó dé Bauchi, àwọn ti sunkún tán. Níbí ni wọ́n ti bí gbogbo wa, níbí ni a sin bàbá wa sí. Nígbà tí rògbòdìyàn Boko Haram bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí ní 2009, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ń di ẹrù, Màmá kò lọ. Wọ́n ní ta ni àwọn yóò fi ibojì ọkọ àwọn sílẹ̀ fún?

Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2024, ìròyìn kàn wá pé àbúrò Màmá, ọ̀kan ṣoṣo tí ó kù nínú ọmọ ìyá wọn, ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Màmá pè wá jọ lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n kò sì sọ púpọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé mi relé. Bí mo bá fojú kàn án, ẹnu mi yóò pa mọ́."

Ẹlòmíràn yóò ní kí ló dé tí a kò wọ bàálù. Owó ni ìdáhùn kìn-ín-ní. Èkejì ni pé egungun ìbàdí Màmá ti ṣẹ́ rí, wọn kò lè jókòó pẹ́, àfi kí wọ́n nà gbalaja. Bọ́ọ̀sì Hiace àtijọ́ tí a fi ń kó ọjà wà nílẹ̀. A yọ ìjókòó ẹ̀yìn méjì kúrò, a kan ibùsùn pákó sí i, a fi tìmùtìmù lé e. Nítorí pé a kì í rin ọ̀nà Maiduguri sí Damaturu lóru, gbogbo yín sì mọ ìdí rẹ̀, a mọ̀ pé àjò náà yóò gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì máa sùn nínú bọ́ọ̀sì náà.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ le ni àtọ̀gbẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí Màmá ti ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì láàárọ̀ àti lálẹ́. Oògùn yìí kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí á jẹ́ kí ó dì. Èyí tí a kò tíì ṣí, ààrin ìwọ̀n 2 sí 8 ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Èyí tí a ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 25 tàbí 30 lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí 30 ní Maiduguri ní ọ̀sán oṣù kẹrin? Ó máa ń kọjá 40 lábẹ́ igi, inú bọ́ọ̀sì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé, a ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wó òpó iná tí ó ń bọ̀ láti Damaturu, tí ìlú wà láìní iná ìjọba fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìkòkò ni a fi ń tọ́jú oògùn náà. Ìkòkò kékeré nínú ìkòkò ńlá, iyanrìn tútù láàárín méjèèjì, aṣọ tútù lókè. Olùkọ́ kan níhìn-ín ní òkè ọya, Mohammed Bah Abba, ni ó tan ọgbọ́n yìí kálẹ̀ láti ọdún 1995, tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Atẹ́gùn gbígbẹ ilẹ̀ Bọ̀nú bá ìkòkò náà mu gan-an ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìkòkò oníyanrìn sínú ọkọ̀ tí ń bẹ́ nínú kòtò?

A ti dán kúlà àti yìnyín wò ní àjò ọdún 2022, a kò sì ní gbàgbé. A ti oògùn náà bọ inú yìnyín, a rò pé bí ó bá ti tutù tó ni ó dára tó. Ó dì. Nígbà tí ó yọ́, kò yàtọ̀ sí omi lójú wa, a sì ń fún Màmá ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe. Oògùn tí ó ti dì rí kò ṣeé fọkàn tán mọ́, àwa kò sì mọ̀. Kí a tó dé Jos, ojú Màmá ti ń ṣú, òùngbẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà nílé ìwòsàn. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé Màmá kì yóò tún rin ọ̀nà jíjìn láìsí fíríìjì tí ń lo iná bátìrì.

A ra fíríìjì kékeré náà, irú èyí tí ń lo fóòtì 12. A tún fẹ́ fáànù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, iná láti fi ríran gún abẹ́rẹ́ lóru, àti ihò tí a ó ti máa fi iná sí fóònù. A ra bátìrì kejì, a gbé e sí abẹ́ ìjókòó iwájú, nítorí a kò fẹ́ kí fíríìjì mu bátìrì tí ó ń ta ẹ́ńjìnnì jí gbẹ ní òru, kí a wá máa ti ọkọ̀ lówùúrọ̀ ní ìlú onílùú. Ríléè kan wà láàárín bátìrì méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, a so wọ́n pọ̀, bí ó bá kú, a yà wọ́n. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà.

Wàhálà dé nígbà tí a pe rẹwáyà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó fa wáyà tín-ín-rín, irú èyí tí a fi ń so rédíò, láti ẹ̀yìn ihò ìtanná sìgá tí ó wà níwájú dẹ́rẹ́bà, ó gbà á abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn. Ó ní, "Fóòtì 12 péré ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni, kí ni a fẹ́ fi wáyà ńlá ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa nítorí pé kò náwó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì a gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú fíríìjì láti dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó kú, ó tún jí, ó tún kú, iná pupa ń ṣẹ́jú. Nígbà tí a fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi tí wáyà gbà kọjá. Bí Màmá bá wà lórí ibùsùn náà ńkọ́? A rò ó, ẹ̀rù sì bà wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan wà tí ó kọ́ iṣẹ́ iná ní Ramat Polytechnic níhìn-ín. Ó mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná wá. Ó fi kan bátìrì, ó kà 12.4. Ó fi kan ihò tí ó wà lẹ́yìn nígbà tí fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ó kà 10.9. Fíríìjì wa kì í sì í ṣiṣẹ́ bí iná bá ti wálẹ̀ ju 11 lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ó má baà ba bátìrì jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, bátìrì yín kò ṣàìsàn, fíríìjì yín kò ṣàìsàn. Ojú ọ̀nà ni ebi ti ń pa iná kú."

Ohun tí ó ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn èyí ni ó yí èrò wa padà, a ó sì gbìyànjú láti sọ ọ́ bí a ti gbọ́ ọ. Gbogbo wa ni a rò pé nígbà tí iná ilé jẹ́ fóòtì 240, tí ti ọkọ̀ sì jẹ́ 12, wáyà ti ọkọ̀ yẹ kí ó kéré. Òdìkejì ni. Ẹ mú ohun èlò kan tí ń jẹ wáàtì 60. Nílé, 60 pín sí 240, ìdá mẹ́rin áńpù kan ni yóò gba inú wáyà kọjá. Nínú ọkọ̀, 60 pín sí 12, áńpù 5 ni. Iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìṣàn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 20. Ìṣàn yìí ni ó ń wá àyè nínú wáyà. Bí kò bá rí àyè, yóò di ooru, ohun tí ó sì di ooru kò ní dé ọ̀dọ̀ fíríìjì mọ́. Ẹ tún wò ó pé bí fóòtì kan bá sọnù nínú 240, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ọ̀kan àbọ̀ bá sọnù nínú 12, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó wá fún wa ní ìṣirò kan tí ọmọ iléèwé lè ṣe. Ẹ wọn gígùn ọ̀nà láti bátìrì dé ihò, ẹ sì ṣe é ní ìlọ́po méjì, nítorí pé iná ń lọ ó sì ń bọ̀. Tiwa jẹ́ mítà 6 pẹ̀lú gbogbo kọ́nà rẹ̀, nítorí náà 12. Ẹ fi 0.0172, tí í ṣe ti bàbà, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi iye áńpù sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìwọ̀n wáyà pín in. Fíríìjì wa ń jẹ áńpù 5. Wáyà tín-ín-rín ti rẹwáyà àkọ́kọ́, 0.75 ni, ó sì ń sọ fóòtì 1.38 nù, kí a tó ka ti àwọn ojú ìsopọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ wáyà 1.5, yóò sọ 0.69 nù. Wáyà 2.5 yóò sọ 0.41 nù. Wáyà 4 yóò sọ 0.26 nù, èyí kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ. Ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí ti fíríìjì kọjá 3 nínú 100, àti pé ooru Maiduguri tún wà níbẹ̀, nítorí pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 gòkè, ìdènà inú bàbà ń fi nǹkan bí 4 nínú 100 pọ̀ sí i.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Kí a má purọ́ fún yín, ìjà ni. Àwọn kan nínú wa ní wáyà 2.5 tó, pé òun náà ni a fi ń fa ihò iná ilé, ó sì wà nílẹ̀, èyí tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí a kọ́ yàrá ẹ̀yìn. Àwọn kan ní kí a ra 6 kí ọkàn wa balẹ̀. Owó tí a dá jọ fún àjò kò pọ̀, epo ti gbówó lórí, bí a bá sì fi ọwọ́ kan mú wáyà, a óò fi ọwọ́ kejì já nǹkan mìíràn sílẹ̀. Màmá gbọ́ ariwo wa láti yàrá, wọ́n pariwo jáde pé, "Ṣé okùn ni ẹ fẹ́ gbé relé ni, àbí èmi?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìjà náà kò tán.

Ẹni tí ó parí rẹ̀ ni rẹwáyà kejì, bàbá Kànúrí kan tí gbogbo wa ń pè ní Màlámù, tí ó ti ń so wáyà ọkọ̀ akẹ́rù láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó gbé wáyà ilé wa lọ́wọ́, ó ká a síwá sẹ́yìn níwájú wa nígbà bíi mélòó kan, ó dá. Okùn bàbà kan ṣoṣo gbagidi ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní ògiri kì í mì, nítorí náà ni irú wáyà yìí fi ń pẹ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí yóò gba ojú ọ̀nà wa yìí kọjá, àfi wáyà tí a fi ọ̀pọ̀ irun bàbà wẹ́wẹ́ lọ́ pọ̀. Ó tún ní kí a má ṣe kó gbogbo ẹrù lé wáyà kan. Kí fíríìjì ní wáyà tirẹ̀, 4, láti ìdí bátìrì lọ tààrà, kí fáànù, iná àti fóònù jọ máa lo wáyà 2.5 tiwọn. Àròpọ̀ tiwọn náà kò ju áńpù 5 lọ. Báyìí, owó rẹ̀ kò tó ti 6, bí ọ̀kan bá sì ṣàìsàn, èkejì yóò máa ṣiṣẹ́. Nígbà náà, a rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọjà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ wá ní ìyà jù. Wáyà wà tí ara rẹ̀ pupa bí bàbà ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ jẹ́ aluminiọ́mù. Wọ́n kàn fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó ni. Aluminiọ́mù kò gbé iná tó bàbà. Ohun tí 4 rẹ̀ lè gbé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti bàbà 2.5 lọ, ó sì ń tètè dá. Ẹ mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹ há irun kan nínú rẹ̀, bí ó bá funfun nínú, ẹ dá a padà fún onísọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni a dé, kí a tó rí èyí tí ó pupa dénú. Ẹ tún fi ọwọ́ gbé e wò, bàbà wúwo, aluminiọ́mù fúyẹ́. Onísọ̀ tí ó bá kọ̀ fún yín láti há wáyà rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Fíúsì ni ó kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fíúsì ń ṣọ́ fíríìjì tàbí fáànù. Wáyà ni ó ń ṣọ́. Bí wáyà bá bó níbì kan tí ó sì kan irin ara ọkọ̀, gbogbo agbára bátìrì ni yóò tú jáde lójú kan náà, wáyà yóò sì di ẹyin iná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà ìdí bátìrì gan-an ni a ń fi fíúsì sí, kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ju ìnà ọwọ́ kan lọ, nítorí pé wáyà tí ó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní olùṣọ́. A fi 15 sí ti fíríìjì, a fi 10 sí ti fáànù. Màlámù fi rọ́bà róbótó sí gbogbo ibi tí wáyà ti gba inú irin kọjá, ó sì fa wáyà àbọ̀ padà dé ìdí bátìrì, kò so ó mọ́ ara ọkọ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe, ó ní ìpẹtà kì í ṣe ọ̀rẹ́ iná. Ní ti ihò náà, irú ti ìtanná sìgá ni a lò, nítorí pé òun ni ohun èlò wa bá mu, àárín rẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, ara rẹ̀ ni ó ń gbà padà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń mì títí ẹnu rẹ̀ yóò fi yọ. Ti fíríìjì, a fi okùn dè é mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín wa.

A gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àwọn ológun ṣí ọ̀nà. Damaturu kò ju nǹkan bí kìlómítà 130 lọ, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń dúró fún àyẹ̀wò pọ̀, ooru sì ń gbé wa mì. Màmá dùbúlẹ̀, fáànù ń fẹ́ sí wọn lójú. Gbogbo ìdajì wákàtí ni a ń wo iye tí fíríìjì ń kọ: 5, 5, 6, 5. Dẹ́rẹ́bà wa, tí í ṣe ọkọ àbúrò wa obìnrin, ní a ti sọ fíríìjì di ọmọ ìkókó.

Lẹ́yìn Potiskum, a bọ́ sínú kòtò kan tí gbogbo ẹrù fi dìde. Fáànù dúró. Iná kékeré náà kú. Gbogbo wa yíjú sí fíríìjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí ó mí. Ó ń kùn lọ ní tirẹ̀, ó kọ 5.

A dúró lábẹ́ igi kan tí àwọn ènìyàn wà. Fíúsì 10 ti jó. Dẹ́rẹ́bà wa ti yọ bébà fàdákà inú páálí sìgá, ó fẹ́ dì í mọ́ fíúsì kí a lè máa lọ, nítorí pé oòrùn ti ń yí, a sì fẹ́ dé Bauchi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwà tí gbogbo wa ti hù rí ni. Ṣùgbọ́n a rántí kápẹ́ẹ̀tì tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì ní ká wá ìdí rẹ̀ ná. Àpótí aṣọ tí àwa fúnra wa gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni irin ìdí rẹ̀ ti gé ara wáyà 2.5 títí dé bàbà, nígbà tí ọkọ̀ bẹ́. Bí a bá ti fi bébà náà dí i, abẹ́ tìmùtìmù Màmá gan-an ni iná ì bá ti ràn. A fi téèpù di ojú ibẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, a gbé àpótí kúrò, a fi fíúsì tuntun sí i. Dẹ́rẹ́bà ju bébà náà nù láìsọ̀rọ̀. Màmá kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn ní, "Ẹ dákun, ta ni ó pa abẹ̀bẹ̀ mi?"

A sùn ní Bauchi. Bátìrì kejì gbé fíríìjì àti fáànù di òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì sì jí ní ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejì a gba Jos àti Akwanga dé Àbújá, ní ọjọ́ kẹta a gba Lọ́kọ́ja, Kàbbà àti Òmù-Àrán dé Ìlọrin. Níbẹ̀, Màmá ní kí a dúró kí àwọn fojú rí ibi tí àwọn ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n a dúró. A wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní alẹ́. Àbúrò wọn ti gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n ti gbé e jókòó sí ẹnu ọ̀nà. A kò lè kọ bí àwọn méjèèjì ṣe pe ara wọn. Ó lé ní oṣù méjì tí wọ́n fi jọ wà kí àbúrò náà tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ fi owó àti ẹsẹ̀ yín bá wa kẹ́dùn nígbà náà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Màmá ní àwọn kò padà mọ́ ní báyìí, àwọn ń tọ́jú ilé. Bọ́ọ̀sì náà padà wá, ó sì tún wúlò lọ́nà tí a kò rò. Nígbà tí ìdídò Alau ya ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí omi gba Gwange àti ọ̀pọ̀ àdúgbò, omi kò dé ilé wa, ṣùgbọ́n iná kò sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi gbé bọ́ọ̀sì náà sí ẹnu ọ̀nà, tí Yorùbá, Kànúrí àti Haúsá ń to fóònù wọn sí ìdí ihò méjèèjì, tí wọ́n ń wá ọmọ, tí wọ́n ń wá ìyàwó. Màlámù náà wá, ó ń wá ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì rí i ní ọjọ́ kejì. Ó fi ọwọ́ kan wáyà rẹ̀ kí ó tó lọ, láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Kò gbóná.

Wáyà 4 tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ náà tó mítà 3, ó wà nílé wa. Fíúsì márùn-ún náà wà níbẹ̀. Ìdílé tí ó bá fẹ́ gbé ẹni tirẹ̀ relé, kí ó wá mú un, a kì yóò gba owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun wá Màlámù, kí ó bá akọ̀wé sọ ọ́ níbi ìpàdé, kí ó sì ti wọn gígùn ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó wá.